Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n bi ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà?

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin màmá àti bàbá. Òṣogbo níbí ni mo wà, ní apá Ọlọ́nkóro. Mo ní ₦400,000 tí mo fi ọdún méjì tù jọ, ẹja yìnyín ni mo fẹ́ máa tà. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ti pe ọlọ́jà mẹ́ta tó ti rí ṣe pé kí wọ́n wá sọ ìrírí wọn. Mo kọ ojú ìwé méje. Nígbà tí mo délé tí mo kà á, kò sí nǹkan níbẹ̀ ju "ní sùúrù, jẹ́ olóòótọ́, máa gbàdúrà" lọ. Mo ń ṣe gbogbo ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ṣé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún wa ni, àbí èmi ni mi ò gbọ́n tó láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má fi ọjọ́ ṣòfò mọ́, kí n ṣáà gba ṣọ́ọ̀bù. Kí lẹ rí sí i?

* * *

Àbúrò mi, o kú akitiyan. Èmi náà ń ta ẹja yìnyín ní ìlú yìí, ọdún kẹrìnlá rèé, mi ò sì ní fi ẹnu dídùn tàn ọ́.

Wọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Ohun tó ń mú ọjà wọn tà ti mọ́ wọn lára débi tí wọn ò fi rí i mọ́. Bi ìyá tó ti ń dáná láti ogójì ọdún pé báwo ni iyọ̀ tó ń fi sọ́bẹ̀ ṣe pọ̀ tó, á ní "mo ṣáà máa ń fi sí i kó tó." Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ ni ò mọ̀ ọ́n. O wá gbé makirofóònù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó ti wé gèlè, wọ́n ti fi orúkọ ńlá pè é, kí lo fẹ́ kó sọ?

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o ṣáà gba ṣọ́ọ̀bù, bó bá fẹ́ fi owó tirẹ̀ kún un, kó tètè wí.

Kí n tó ṣí tèmi, mo lọ bá ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ìgbóǹnà. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ àṣírí ọjà fún mi. "Sùúrù ni, ọmọ mi." Mo dúpẹ́, mo gba ilé lọ, ọwọ́ mi ṣófo. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ, mo ní kí ìyá jẹ́ kí n máa bá wọn gé ẹja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ lojú mi ti là.

Ìyá kì í jẹ́ kí páálí kankan wọlé láì gbé e sórí ìwọ̀n níṣojú ẹni tó kó o wá. 20 kílò ni wọ́n máa ń kọ sára páálí. Bó bá fi díẹ̀ dín, ìyá ò ní pariwo, wọn ò ní bú ẹnikẹ́ni, wọ́n á kàn máa wo ìwọ̀n yẹn títí ẹni náà á fi sọ̀rọ̀. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni ṣọ́ọ̀bù ń ṣí, torí pé àwọn olóúnjẹ ló ń ra ọjà tó pọ̀, olóúnjẹ tó bá sì dé tí kò bá ọ, á yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì, kò ní wá bá ọ ṣẹjọ́. Àpò mẹ́ta ló wà lábẹ́ ìró ìyá: ti ọjà, ti iná, ti ilé. Lọ́jọ́ kan ọmọ wọn wá gba owó ìwé, owó inú àpò ti ilé ò tó, ìyá ní kó padà wá lọ́la. Àpò ọjà sì wú bíi búrẹ́dì lábẹ́ ìró nígbà yẹn o! Èmi tí mo ń gé ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni àánú ọmọ náà ń ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ se ọbẹ̀ tiwọn fúnra wọn, wọ́n á wọn ẹja náà, wọ́n á yọ owó láti àpò ilé, wọ́n á jù ú sínú àpò ọjà. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo wá bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń san fún ṣọ́ọ̀bù lọ́dún. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ilé ọkọ wọn ni! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tajà, wọn ò san owó ṣọ́ọ̀bù rí. Ìyẹn ò sí nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àwọn èèyàn, kì í ṣe pé wọ́n ń tijú rẹ̀, wọn ò kàn kà á sí. Bí mo bá ti fi "sùúrù" tí wọ́n fún mi lọ gba ṣọ́ọ̀bù olówó gọbọi ní Òkè-Fíà, sùúrù náà ni ǹ bá fi máa wo ara mi bí mo ṣe ń kó ẹrù jáde.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wàá bi ẹnikẹ́ni tí ọjà rẹ̀ ń tà nìyí: ta ló ń san owó ibi tí ẹ jókòó sí?

* * *

Mo ti ka èsì gbogbo yín. Àwọn kan ní orí ló ń ṣe é, pé ẹni tí orí rẹ̀ bá fẹ́ kó là, kò dìgbà tó bá kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní irọ́ ni àwọn tó ti là ń pa, pé owó wọn ò mọ́. Ẹnìkan tún fi nǹkan bí ogún ìlà sọ fún wa pé ká lọ ka ìwé àwọn olówó Amẹ́ríkà. Ó kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ò sí nínú ìtàn tiwọn.

Mi ò bá orí jà. Èmi náà ń bẹ orí mi láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ará àdúgbò mi kan tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, òun náà ní orí, sùúrù rẹ̀ sì ju tèmi lọ fíìfíì, ẹni tó ń lọ kírun ìdájí lójoojúmọ́ ni. Bó bá jẹ́ sùúrù àti àdúrà ló ń ta ẹja, òun ló yẹ kó ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí oníbéèrè lọ nìyẹn. Wọ́n pe ẹni mẹ́ta tó là, wọn ò pe ẹnì kan péré tó kógbá sílé.

Ọkùnrin yẹn ń ta ẹja àti adìyẹ yìnyín. Jẹnẹrétọ̀ ló fi ń gbé ọjà rẹ̀ ró, epo bẹntiróòlù ló sì ń mu. Nígbà tí wọ́n kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí kò tó ₦200 lítà kan fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó rọ́jú. Ó ní òun á máa lo iná ìjọba. Àdúgbò wa bọ́ sí ìpele àwọn tó ń rí iná pẹ́, ni yúnìtì kan bá di ₦225 ní oṣù kẹrin 2024, kó tó di pé wọ́n dín in díẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ta firísà.

Kẹ̀kẹ́ Marúwá ló ń wà báyìí. Mo ra ẹlẹ́rìndòdò fún un lọ́jọ́ kan, mo ní kó sọ fún mi bó ṣe rìn. Ẹ gbà mí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kọ́ mi ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta Ìgbóǹnà lọ. Ẹni tó jèrè kì í rántí iye, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí rántí títí dé kọ́bọ̀. Ó ní epo kọ́ ló pa òun. Firísà kẹta ni. Ó rà á torí pé ẹni tó kọjú sí i rà tirẹ̀. Láti ìgbà náà, ọjà tó yẹ kó kún firísà kan àbọ̀ ló ń pín sí mẹ́ta. Firísà tí kò kún kì í pa òtútù mọ́ bí èyí tó kún, bí iná bá ti lọ báyìí, ooru á gba inú rẹ̀ kankan. Ó ń ra epo láti fi tu afẹ́fẹ́ lára. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá kó omi ìgò sínú àyè tó ṣófo, kí òun tún máa ta yìnyín fún àwọn ọlọ́tí.

Mo délé, mo ṣí firísà mi wò. Ìdajì ló ṣófo.

* * *

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn sílẹ̀ ná, ká ṣírò. Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé páálí ẹja kan lè mú ₦8,000 wálé, pé mo kàn ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ìṣirò rẹ̀ pé nínú ìwé. Ká ní o ra páálí ẹja kótè 20 kílò ní ₦60,000. Kílò kan bọ́ sí ₦3,000. O wá ń tà á ní ₦3,400. Ogún kílò á mú ₦68,000 wá. Èrè ₦8,000 rèé lóòótọ́.

Ó dáa. Yìnyín tó lẹ̀ mọ́ ẹja lára ńkọ́, ta ló fẹ́ rà á? Bó bá ṣe ń yọ́ ni ìwọ̀n ń lọ. Ká sọ pé kílò kan péré ló bá omi lọ, ó ku 19, owó rẹ̀ jẹ́ ₦64,600. Èrè ti di ₦4,600. Èyí tó fọ́ nísàlẹ̀ páálí ńkọ́, èyí tí ikùn rẹ̀ ti là, èyí tí o gé lé e fún oníbàárà kó má baà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì? Ká pe ẹja fífọ́ àti èènì ní kílò kan. Ó ku 18. ₦61,200. Àbúrò mi, ₦1,200 ni èrè rẹ lórí páálí kan, a ò sì tíì dárúkọ iná, ọ̀rá, owó ọkọ̀ àti àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà.

Kílò méjì péré ló jẹ ₦6,800.

Ìyá Ìgbóǹnà ò lọ síléèwé. Wọn ò lè kọ ohun tí mo kọ sókè yìí. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń tẹjú mọ́ ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Sùúrù tí wọ́n ń wí fún mi lọ́jọ́sí, sùúrù ìdí ìwọ̀n ni. Èmi ni mi ò mọ̀ láti bi wọ́n pé, "Sùúrù nídìí kí ni, ìyá?"

* * *

Àwìn. Mo mọ̀ pé a máa dé ibẹ̀.

Ọmọ Iléṣà kan bá mi jà. Ó ní bí mo bá ní kí oníbéèrè má tà láwìn, ṣé mo ti gbàgbé àwọn òṣómàáló ni, tí wọ́n kó aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì fi kọ́lé?

Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi. Títa aṣọ jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà, lílóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè jẹ́ apá kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi wọ́n ṣàpẹẹrẹ, ta nínú yín ló lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà olùkọ́ ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ títí dọ́sàn-án? Aṣọ ṣì wà lára ẹni tó jẹ ọ́, o lè nawọ́ sí i. Ẹja tèmi ti wọ ikùn.

Kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí tí ọdún 2015 ò ní wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òṣogbo nígbà náà mọ̀ ọ́n. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ò wọlé fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìdajì ni àwọn mìíràn ń gbà. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Èèyàn gidi ni wọ́n. Wọ́n ti ń san gbèsè wọn lópin oṣù fún ọdún mẹ́ta láì yẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ ẹni tí mo lè fún láwìn. Kí n tó mọ̀, ₦186,000 ti wà níta, odindi owó ọjà mi ò sì tó ₦300,000. Àwọn kan ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí wọ́n má baà rí mi. Ìyàwó ilé kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi kò kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún kan gbáko nítorí ẹja ₦4,500. Mo pàdánù owó náà, mo sì pàdánù rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe pé èèyàn burú. Gbogbo onígbèsè mi ló ń mu omi nínú kànga kan. Nígbà tí kànga yẹn gbẹ, gbogbo wọn ló gbẹ lọ́jọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ pé olóúnjẹ, télọ̀, awakọ̀ àti olùkọ́ ni mo pín gbèsè náà sí, kò ní dà mí délẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má wá lọ sọ pé mo ní kí ẹnikẹ́ni má tà láwìn o. Ìdajì àwọn oníbàárà mi ńláńlá, àwìn ló gbé wọn wá. Olóúnjẹ tó bá jẹ mí lónìí, kò ní gbé ọjà mìíràn kó tó san ti àná, ó tán. Ìwé kan wà lórí firísà, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Àfi ìyá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí mi ò lè kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ ọjà.

Mo sì fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí èyí. Bí ẹ bá bi ìyá Ìgbóǹnà, wọ́n á ní àwọn kì í tà láwìn láéláé. Mo ka olóúnjẹ mẹ́fà tó gbé ẹja lọ láì sanwó níṣojú mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lójú ìyá, ìyẹn kì í ṣe àwìn, torí pé lọ́la ni owó ń bọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á délé, á lẹ "kò sí àwìn" mọ́ ògiri, àwọn olóúnjẹ á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ.

* * *

Ẹni tó ní kí oníbéèrè lọ ṣe ọmọ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta: fún kí ni? Ẹja gígé kì í ṣe aṣọ rírán. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí máa ń sanwó kí ọmọ tó wọṣẹ́, á tún ra ọtí àti àga lọ́jọ́ fìrídọ́ọ̀mù, ọmọ á wá gbé sàtífíkéètì sọ́wọ́ láìní kọ́bọ̀ tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ígbò ló gbọ́n ju wa lọ níbẹ̀, torí pé ẹni tó bá sin ọ̀gá rẹ̀ ní ọjà tó pé ọdún tí wọ́n dá, ọ̀gá náà ló yẹ kó fún un lówó tàbí ọjà láti dá dúró. Àwọn náà ń jà nídìí rẹ̀ o, pàápàá bó bá ku oṣù díẹ̀ kí ọjọ́ pé, tí ọ̀gá bá déédéé rí ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ìlànà náà dáa ju tiwa lọ.

Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta ni mo máa sọ fún oníbéèrè. Má sì ṣe é léraléra. Lọ ní oṣù kẹjọ tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun bá kún ìlú, kí o rí bí olóúnjẹ ṣe ń du ẹja. Lọ ní oṣù kìíní tí gbogbo èèyàn ti náwó ọdún tán, kí o rí bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń dákẹ́. Oṣù kìíní yẹn ni ẹ̀kọ́ wà.

* * *

Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ ẹja ti sú òun. Ó ní Òṣogbo ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun, kí ló dé tí a ò fi kọ́ ọgbọ́n lára àwọn aláró? Ó dárúkọ Màmá Níkẹ̀ẹ́ Okundaye tó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbí ní 1983, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá ní gálárì ńlá ní Lẹ́kí.

O ṣeun tí o dárúkọ wọn. Ìyá ìyá mi rẹ aṣọ kí wọ́n tó kú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n wí díẹ̀. Wọ́n á gún ewé ẹ̀lú, wọ́n á sá a, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan. Bó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, á gbẹ, wọ́n á máa rì í bọ aró, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún rì í. Ọwọ́ ìyá mi àgbà dúdú títí wọ́n fi kú. Lóde òní, wọ́n ń tẹ irú ọnà bẹ́ẹ̀ sára aṣọ nínú ẹ̀rọ ní Ṣáínà, ó ń wọlé ní owó pọ́ọ́kú. Aláró tó bá ní òun fẹ́ bá ẹ̀rọ dín owó, ọjọ́ rẹ̀ ò pẹ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù ń ta nǹkan mìíràn. Wọ́n ń jẹ́ kí àlejò wá wo bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, wọ́n ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ náà, wọ́n ń gbé e lọ fún ẹni tó fẹ́ èyí tí ọwọ́ ṣe tó sì ṣe tán láti sanwó rẹ̀.

Ṣé ìyẹn bá ẹja tan? Ó bá a tan lọ́dọ̀ tèmi. Ẹ rántí kílò ẹja fífọ́ tó ń jẹ èrè mi. Dípò kí n máa dín owó rẹ̀ fún àwọn tó ń ná an títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo ra àgbá, mo gé e sí méjì, mo ń yan án. Ẹja yíyan kì í wá firísà kiri, kò sì mọ̀ bóyá ikùn òun ti là tẹ́lẹ̀. Àwọn aláṣaró àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló ń rà á, kì í ṣe oníbàárà mi àtijọ́. Kò sí ẹlẹ́ja kankan tó kọ́ mi ní ìyẹn. Ẹ̀yìn ìkòkò aró ni mo ti rí i.

* * *

Lórí owó yíyá, kúkúrú ni màá sọ ọ́. Ẹnìkan nínú yín ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún péré ni èlé àwọn gbọ́mú-lé-lántà, àwọn tó ń yáni lówó tí wọ́n ń gbà á padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ká ní o yá ₦100,000, o ń san ₦5,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. ₦120,000 lo san. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní lo ti ń dá owó wọn padà! Bó bá fi máa di ìdajì àkókò náà, ìdajì owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, èlé odindi lo sì ń san. Ẹni tó ń ta ọjà tí ń yípo lójoojúmọ́ lè rù ú. Ẹni tó fi ra firísà ti wọ gbèsè, torí pé firísà kì í mú ₦5,000 wá ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Èmi, àjọ ni mo fi ra firísà mi méjèèjì. ₦1,000 lójúmọ́, alájọ mú ti ọjọ́ kan lóṣù, ó kó ìyókù fún mi. Ó pẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi.

* * *

Oníbéèrè: Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ jókòó lọ́dọ̀ àǹtí kan ní Àkíndékò fún ọjọ́ mẹ́fà. Mo bi wọ́n pé ta ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ́kọ́ bínú, wọ́n wá sọ pé ẹ̀gbọ́n àwọn tó wà lókè òkun ló san ọdún méjì àkọ́kọ́. Mo tún rí i pé wọn kì í gba owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù títí wọ́n á fi rí i nínú báńkì, bí oníbàárà ṣe wù kó kánjú tó. Wọ́n ní ní oṣù kejì 2023 tí náírà tuntun wọ́n, àlẹ́ẹ̀tì èké gbé páálí mẹ́ta lọ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo nítòsí wọn, ₦250,000 lọ́dún. Ṣé kí n gbà á? Irú ìwọ̀n wo ni kí n sì rà?

* * *

Wàyí o! Ọjọ́ mẹ́fà lo fi rí èyí tí ojú ìwé méje ò fún ọ.

Má gba ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí o bá yọ ₦250,000 nínú ₦400,000, ₦150,000 ló kù, ìyẹn ò tó páálí mẹ́ta, a ò tíì ra firísà. Padà lọ bá àǹtí náà. Wò ó bóyá firísà wọn kún. Bí kò bá kún, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o kó páálí méjì sínú àyè tó ṣófo, kí o máa san owó iná fún wọn lọ́sẹ̀. Ìwọ máa gbé ẹja lọ bá àwọn olóúnjẹ ní ìdájí, má jókòó dè wọ́n. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí oṣù kìíní wà nínú rẹ̀. Má fọwọ́ kan ₦200,000 nínú owó yẹn, bó ti wù kí ọjà tà tó. Bí àǹtí bá ní àwọn ò gbà, wá sọ fún mi. Firísà mi kejì ṣì ní àyè.

Ti ìwọ̀n: ra èyí tó lójú bí aago, má ra èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé kọ́, ọwọ́ èèyàn máa ń gbọ̀n, oníbàárà á sì ní o ń fi ọwọ́ tì í. Kí o tó sanwó, mú ike fífẹ́lẹ́ mẹ́ta tí omi lítà kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn dání lọ sí ọjà. Gbé ọ̀kan lé ìwọ̀n náà. Lítà omi kan, kílò kan ni, ike náà fúnra rẹ̀ ò ju bíńtín lọ. Lẹ́yìn náà kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e, kí o rí i bóyá ó dé orí mẹ́ta. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí o má da omi sí òun lọ́jà, máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.